Títọrọ Ọkọ̀ Jáde Kúrò ní Ìlú Èkó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá parí, tí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ bá di ẹrù rẹ̀, ọ̀nà ilé kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo wa. Ẹlòmíràn ń lọ sí Kàdúná, ẹlòmíràn ń lọ sí Bìní, ẹlòmíràn sì ní láti kọjá ààlà Nàìjíríà lọ sí Kútọnu, Lomé tàbí Accra. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọ̀nà wọn gba Èkó kọjá, ọ̀pọ̀ ni àpò wọn kì í sì í kún ní òpin sáà. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ọ̀fẹ́ máa ń wọ ẹnu àwọn ọ̀dọ́: kí ènìyàn dúró sí etí títì, kí ó na ọwọ́ sí ọlọ́kọ̀, kí ọlọ́kọ̀ náà ṣàánú rẹ̀, kí ó sì gbé e dé ilé, tàbí kí ó tilẹ̀ gbé e dé ìdajì ọ̀nà.

Èmi kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti rọ ẹnikẹ́ni pé kí ó máa tọrọ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò kọ ọ́ láti dẹ́rù ba ẹni tí ó ti pinnu láti ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí nǹkan náà ti rí ní ìlú ńlá bí Èkó, àti ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn rò pé ẹnu dídùn ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ni ó ṣe pàtàkì ju ẹnu dídùn lọ. Èkíní ni ibi tí a dúró sí. Èkejì ni agbára láti sọ fún ọkọ̀ tí kò tẹ́ wa lọ́rùn pé, “Rárá o, ẹ ṣeun.”

BÍ ÌLÚ NÁÀ TI FẸ̀ TÓ

Erékùṣù ni Èkó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1901 ni wọ́n kọ́ afárá Carter, tí ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ fi ń rìn láti erékùṣù náà lọ sí Ìddó. Láti ìgbà náà ni ìlú ti ń fà bí ìtàkùn: ó fà dé Ẹ̀bútè-Mẹ́tta, ó fà dé Yábàá, Múṣín, Ìkẹjà àti Agége. Afárá tí a ń pè ní Third Mainland Bridge, tí wọ́n parí ní ọdún 1990, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 11.8. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ láti erékùṣù, tí ó sì sọ̀ ní Òwòròńṣòkí, àárín ìlú ni ó ṣì wà. Nígbà tí olú-ìlú ìjọba kó lọ sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, ọdún 1991, Èkó kò tìtorí èyí dínkù. Ńṣe ni ó túbọ̀ ń fẹ̀ sí i.

Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó kéré jù lọ ní fífẹ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ 36 tí ó wà ní Nàìjíríà. Nítorí náà ni ìlú náà ṣe kún àkúnwọ́sílẹ̀ wọ inú Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ọ̀nà Ìbàdàn, ilé kò dáwọ́ dúró ní ààlà; ó ń bá a lọ ní Arépo, Mágbòrò, Ìbàfò àti Mówe. Ní ọ̀nà Abẹ́òkúta, Ọ̀tà àti Sàngó ti so mọ́ Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kò lè mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń tan àjèjì jẹ. Ó rí pátákó tí ó sọ pé Ìpínlẹ̀ Èkó parí, ó sì rò pé òun ti jáde. Kò tíì jáde. Fún ẹni tí ń tọrọ ọkọ̀, ibi tí ìjọba fa ààlà sí kọ́ ni òpin ìlú. Òpin ìlú ni ibi tí àwọn tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wá sí ilé ti yà kúrò lójú ọ̀nà tán, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọkọ̀ tí ó kù ń lọ.

ÌDÍ TÍ A KÌ Í FI Í TỌRỌ ỌKỌ̀ NÍ ÀÁRÍN ÌLÚ

Bí ènìyàn bá dúró sí Òṣòdì láti tọrọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, ó lè dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìdí rẹ̀ mẹ́rin ni.

Èkíní, ọkọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń lọ kò bá tiwa mu. Ẹni kan ń lọ sí ọjà, ẹni kan ń lọ gbé ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹni kan ń lọ sí ibi iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ẹni tí ń lọ sí Ìlọrin wà láàárín wọn bí abẹ́rẹ́ nínú ìyàngbò, kò sì sí àmì kankan ní ara ọkọ̀ rẹ̀ tí a ó fi mọ̀ ọ́n.

Èkejì, kò sí ààyè láti dúró. Láti ọdún 2000 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti dá àwọn òṣìṣẹ́ LASTMA sílẹ̀ láti máa darí ọkọ̀, òfin ìrìnnà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2012 sì le sí awakọ̀ tí ó bá dúró gbé èrò ní ibi tí kì í ṣe ibùdókọ̀. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ sí ọlọ́kọ̀ ní irú ibi bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá san owó ìtanràn nítorí òun ni. Ọlọ́kọ̀ tí ó gbọ́n yóò wo iwájú rẹ̀, yóò sì kọjá.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àwọn agbèrò. Ibi tí dáńfó ti ń kó èrò, oko oúnjẹ wọn ni. Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá wá gbé èrò lọ́fẹ̀ẹ́ ní iwájú gáréèjì, lójú agbèrò, ó dà bí ẹni pé wọ́n kó o lẹ́rù lọ. Yóò di ariwo, ó sì lè di ìjà, orí ọlọ́kọ̀ tí ó fẹ́ ṣoore ni yóò sì dá lé. Kò bójú mu kí a fi irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ san oore fún ẹni tí kò mọ̀ wá rí.

Ẹ̀kẹrin ni ìbẹ̀rù, òun ni ó sì wúwo jù. Àwọn ará Èkó a máa sọ pé Èkó gba olè, ó gba ọ̀lẹ. Gbogbo wọn ni ó mọ ohun tí a ń pè ní “wọ́ọ̀n ṣáǹsì”: ọkọ̀ tí àwọn olè jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni pé èrò ni wọ́n, tí wọ́n á gbé ẹni kan ṣoṣo tí kò fura, tí wọ́n á sì gba gbogbo ohun ìní rẹ̀. Bí èrò ti ń bẹ̀rù ọlọ́kọ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọlọ́kọ̀ ń bẹ̀rù èrò. Kò lè rí ọkàn rẹ. Ibi tí o dúró sí, aṣọ tí o wọ̀, ẹrù tí o gbé àti ojú tí o fi ń wò ó ni ó lè rí. Ní àárín ogunlọ́gọ̀, ojú rẹ ti sọnù láàárín ojú ẹgbẹ̀rún. Ní ojú ọ̀nà ìta ìlú, ní ẹ̀gbẹ́ obìnrin tí ń ta búrẹ́dì, ọlọ́kọ̀ lè fara balẹ̀ wò ọ́ láti òkèèrè, ó sì mọ̀ pé àwọn ènìyàn wà níbẹ̀ tí ó rí òun àti ìwọ pọ̀. Ẹlẹ́rìí náà ni ó ń fi ọkàn àwọn méjèèjì balẹ̀.

Ohun tí a rí kọ́ nínú èyí ni pé kí a fi owó jáde kúrò ní Èkó, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ọkọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀fẹ́ gba gbogbo ọ̀nà láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ yóò pàdánù ọjọ́ kan gbáko nítorí owó kékeré tí ì bá san.

ÀWỌN Ẹ̀NU Ọ̀NÀ ÌLÚ

Ọ̀nà tí ó jáde kúrò ní Èkó pọ̀, ṣùgbọ́n márùn-ún ni olórí wọn.

Ọ̀nà Ìbàdàn ni ó tóbi jù. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ láti Èkó dé Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 127. Ọ̀jọ́dù-Berger ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀ ọ̀nà yìí, àmọ́ ibẹ̀ kò dára fún títọrọ, nítorí gáréèjì ni, ọkọ̀ Arépo àti Mówe sì pọ̀ níbẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ san owó dé Mówe, tàbí bí agbára bá ká a, kí ó san án dé ìkóríta Ṣágámù. Níbẹ̀ ni ọ̀nà ti pín: ọ̀kan lọ sí Ìbàdàn, èkejì lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Bìní. Ẹni tí ń lọ sí òkè Ọya yóò gba Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, yóò sì kọjá odò Ọya ní Jẹ́bà. Kí a rántí pé ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ogunlọ́gọ̀ ń lọ sí ibi àdúrà ní Redemption Camp tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà yìí; súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré.

Èkejì ni ọ̀nà Abẹ́òkúta, tí ó gba Ìyànà-Ìpájà àti Abúlé-Ẹ̀gbá. Kí a má ṣe dúró ní Sàngó, nítorí ọjà àti gáréèjì ni ibẹ̀ pẹ̀lú. Kí a kọjá rẹ̀ sí apá Ìfọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà Ìkòròdú, tí ó tún lọ bá Ṣágámù. Ọkọ̀ BRT, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Mile 12 ní ọdún 2008, ti ń dé Ìkòròdú láti ọdún 2015, ó sì ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í fi í dí i púpọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀nà Lẹ́kì àti Ẹ̀pẹ́, tí ó dára fún ẹni tí ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti erékùṣù. Kí a wọ ọkọ̀ dé Ẹ̀pẹ́ kí a tó na ọwọ́.

Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀nà Àgbádárìgì, tí ó lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2, èyí sì ti mú ìdá kan nínú ìnira ọ̀nà náà rọrùn. Láti Mile 2, kí a san owó dé Àgbádárìgì.

BÍ A TI Ń DÚRÓ ÀTI BÍ A TI Ń NA ỌWỌ́

Apá ọ̀tún ni ọkọ̀ ń rìn ní gbogbo ọ̀nà tí mo dárúkọ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Apá òsì ni Nàìjíríà ń wa ọkọ̀ títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, ọdún 1972; Gánà sì yí padà ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, ọdún 1974, kí wọ́n lè bá àwọn aládùúgbò wọn tí ń sọ Faransé mu. Nítorí náà, láti Èkó títí dé Accra, etí títì apá ọ̀tún ni a ó dúró sí, kí a sì dojú kọ ọkọ̀ tí ń bọ̀.

Kí a wá ibi tí ọ̀nà ti nà gbọọrọ, kí awakọ̀ lè rí wa láti òkèèrè, kí ààyè sì wà níwájú wa tí ó lè yà sí láìdí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ibi tí ọkọ̀ ti ń dẹ ẹsẹ̀ ni ó dára jù: iwájú ilé epo, tàbí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ fún arìnrìn-àjò. Kí a má ṣe dúró sórí ọ̀nà gan-an, kí a má ṣe dúró ní ibi tí ọ̀nà ti kọrọ, kí a má sì ṣe dúró sórí afárá láéláé.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àtàǹpàkò ni wọ́n ń nà sókè láti tọrọ ọkọ̀. Kò yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, nítorí àwọn àgbàlagbà kan ṣì ka àtàǹpàkò tí a nà sí ni sí èébú. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a ya ìka márààrún sí ojú awakọ̀. Gbogbo wa ni ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ní Nàìjíríà. Àtẹ́lẹwọ́ ni kí a dà délẹ̀, kí a sì máa jù ú sókè-sódò jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń dá ọkọ̀ èrò dúró. Bí a bá kọ orúkọ ìlú tí a ń lọ sí ara páálí ní lẹ́tà gàdàgbà, ìyẹn ń ran awakọ̀ lọ́wọ́ láti pinnu kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Kí a kọ́kọ́ kí awakọ̀: “Ẹ kú ọ̀nà o, ẹ̀gbọ́n,” tàbí “Ẹ kú ewu ọ̀nà, bàbá.” Kí a tó ṣàlàyé ara wa, kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ẹ̀ ń lọ?” Kí a jẹ́ kí ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ń lọ sí Ìbàdàn lóòótọ́ mọ àdúgbò tí ó ń lọ ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó kàn ń wá ẹran tí yóò pa yóò ní ibikíbi tí a bá ń lọ ni òun náà ń lọ. Lẹ́yìn èyí ni kí a sọ òtítọ́ nípa owó kí a tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀fẹ́ ni mo ń tọrọ o.” Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ àdáni tí ó bá gbé èrò ń retí nǹkan díẹ̀ fún epo. Bí a kò bá sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìjà ni yóò parí rẹ̀ ní ibi tí a ti sọ̀.

Bí a bá kọjá ilẹ̀ Yorùbá, kí a fi èdè onílé kí onílé. Fún Haúsá tí ó gbé wa, nígbà tí a bá ń sọ̀, “Allah ya kiyaye hanya” jẹ́ àdúrà pé kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ̀nà rẹ̀. Fún awakọ̀ Kútọnu tàbí Lomé, “Bonne route” tó.

AGBÁRA LÁTI KỌ̀

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo. Ó dà bí ẹni pé ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ ni ọkọ̀ ọ̀fẹ́ yẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ kò lè kọ ọkọ̀ kankan. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí ebi ń pa á, tí ọkọ̀ kan sì dúró tí ojú awakọ̀ rẹ̀ kò dára, yóò wọ̀ ọ́, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ó lè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú àpò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ náà, kí ó yí padà, kí ó sì wọ ọkọ̀ èrò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rẹ̀ títọrọ ọkọ̀ láìní owó tí yóò fi wọ ọkọ̀ èrò dé ilé, tàbí tí yóò fi padà sí ibi tí ó ti wá. Bí a bá rí ọkọ̀ ọ̀fẹ́, owó náà di èrè. Bí a kò bá rí i, owó náà ni odi tí a ó fẹ̀yìn tì.

Àwọn ọkọ̀ tí a gbọ́dọ̀ kọ̀ nìyí. Kí a kọ ọkọ̀ tí ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta ti wà nínú rẹ̀ tí a kò mọ̀ wọ́n. Kí a kọ ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ dúdú tí a kò lè rí inú rẹ̀. Kí a kọ awakọ̀ tí òórùn ọtí ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kí a kọ ẹ̀yìn tírélà àti orí ẹrù, bí ó ti wù kí awakọ̀ náà ṣe ọ̀yàyà tó, nítorí ẹni tí ó jókòó lórí àpò sìmẹ́ńtì kò ní ohun tí yóò dì mú nígbà tí bíréèkì bá já. Ní pàtàkì, kí a kọ ọkọ̀ agbépo. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan gbiná lórí afárá Ọtẹ́dọlá, ní ojú ọ̀nà tí ó jáde sí Berger gan-an. Ẹ̀mí ṣòfò, ọkọ̀ tí ó jóná sì ju 50 lọ.

Ó yẹ kí a tún mọ àwọ̀ nọ́ḿbà ọkọ̀. Ní Nàìjíríà, lẹ́tà aláwọ̀ búlúù wà fún ọkọ̀ àdáni, pupa wà fún ọkọ̀ èrò, àwọ̀ ewé sì wà fún ọkọ̀ ìjọba. Ọkọ̀ tí nọ́ḿbà rẹ̀ jẹ́ búlúù, ṣùgbọ́n tí ó ń pe èrò bí dáńfó, kí a fura sí i.

Kí a tó wọlé, kí a ya àwòrán nọ́ḿbà ọkọ̀ náà, kí a sì fi ránṣẹ́ sí ará ilé lórí fóònù. Kí a ṣe é ní gbangba, lójú awakọ̀, kí a sì sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ìyá wa ni ó pa á láṣẹ. Ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ kò ní bínú. Yóò tilẹ̀ yìn wá. Ẹni tí ó bá bínú ti sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Kí a gbé àpò lé ẹsẹ̀, kí a má ṣe kó o sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Kí a rántí nọ́ḿbà 112 àti 767 fún ìrànlọ́wọ́ ní Èkó, àti 122 tí í ṣe ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó.

Àkókò pẹ̀lú ṣe kókó. Kùtùkùtù ni kí a bọ́ sí ọ̀nà. Bí ó bá di ọ̀sán gangan tí a kò tíì rí ọkọ̀, kí a san owó, kí a sì máa lọ, nítorí àwọn ajínigbé ti da ọ̀nà márosẹ̀ wa láàmú ní ọdún àìpẹ́ yìí, òru kì í sì í ṣe àkókò tí ó yẹ kí ọmọ ènìyàn máa dúró sí etí ọ̀nà. Ó sàn kí ènìyàn méjì jọ lọ. Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n má ṣe dá a ṣe láéláé. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́n tó. Ewu tí ó dojú kọ wọ́n ni ó pọ̀ ju tiwa lọ, ìtìjú rẹ̀ sì wà lọ́rùn àwọn tí ń ṣe ibi.

FÚN ÀWỌN TÍ Ń KỌJÁ ẸNUBODÈ

Èkó ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tí ó dá ẹgbẹ́ ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, ọdún 1975. Ìwé àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ọdún 1979 fún ọmọ ilẹ̀ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà ní àyè láti wọ ilẹ̀ mìíràn nínú rẹ̀ láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́, bí ó bá ní ìwé ìrìnnà àti ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní, ọdún 2025. Nítorí náà, kí àwọn ọmọ ilẹ̀ mẹ́ta wọ̀nyí béèrè bí òfin ti rí kí wọ́n tó gbéra.

Ìmọ̀ràn kan wà tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ ní Sẹ̀mẹ̀: ẹsẹ̀ ni kí a fi kọjá ẹnubodè. Bí ẹnì kan bá gbé wa dé ìhà ìhín, kí a sọ̀, kí a dúpẹ́, kí a rìn kọjá pẹ̀lú ìwé wa lọ́wọ́, kí a sì wá ọkọ̀ mìíràn ní ìhà ọ̀hún. A kò mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀yìn ọkọ̀ àjèjì. Bí aṣọ́bodè bá rí ẹrù òfin níbẹ̀, ẹni tí ó gbé ni àti ẹni tí a gbé kò ní yàtọ̀ lójú rẹ̀, àlàyé akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì di ọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá. Fún ìdí kan náà, kí a má ṣe bá ẹnikẹ́ni di ẹrù kọjá, ìbáà jẹ́ ìwé kékeré.

OHUN TÍ ÀWỌN ORÍLẸ̀-ÈDÈ MÌÍRÀN ṢE

Àwọn ilẹ̀ kan ti gbìyànjú láti mú ìbẹ̀rù kúrò nínú ọ̀ràn yìí. Ní ilẹ̀ Poland, nígbà tí àwọn ọdún 1950 sí 1959 ń parí lọ, wọ́n ṣe ìwé kékeré kan fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń tọrọ ọkọ̀. Awakọ̀ tí ó bá gbé wọn a gba ìwé pélébé kan nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye kìlómítà tí ó gbé wọn, ó sì lè fi ìwé wọ̀nyí jẹ ẹ̀bùn. Ìwé náà ni ó ń sọ fún awakọ̀ pé a mọ ọmọ yìí, ó ní orúkọ, ó ní ibi tí ó ti wá.

Ní Kúbà, lẹ́yìn tí Soviet Union túká ní ọdún 1991, epo wọ́n gógó, ọkọ̀ èrò kò sì tó. Ìjọba fi àwọn òṣìṣẹ́ sí ẹnu ọ̀nà Havana àti ìlú mìíràn. Nítorí aṣọ wọn tí ó pọ́n bí ìyeyè, “los amarillos” ni àwọn ènìyàn ń pè wọ́n. Wọ́n ń dá ọkọ̀ ìjọba dúró, wọ́n ń béèrè ibi tí ó ń lọ, wọ́n sì ń kó àwọn tí ó ti tò dúró sínú rẹ̀ bí ààyè bá wà.

Kí ni a rí kọ́ lára Poland àti Kúbà? Kò sí èyí tí ó kọ́ awakọ̀ ní àánú, nítorí àánú ti wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n pèsè ni ẹ̀rí àti ibi tí ó dájú. Ìyẹn kò kọjá agbára ilé-ẹ̀kọ́ bí tiwa. Bí a bá la ìwé ńlá kan sí ọ́fíìsì ní ọ̀sẹ̀ méjì kí sáà tó parí, òbí, olùkọ́ tàbí oníṣòwò tí ọkọ̀ rẹ̀ ní ààyè lè kọ orúkọ, nọ́ḿbà ọkọ̀, ọjọ́ àti ìlú tí ó ń lọ síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì kọ tirẹ̀ sí òdìkejì. Kò ní gba owó púpọ̀, kò sì ní sí ẹnikẹ́ni tí ń wọ ọkọ̀ ẹni tí a kò mọ̀ láti re ilé. Mo fi àbá yìí síwájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí a lè gbé e yẹ̀ wò kí sáà tí ó ń bọ̀ tó parí.

Ní ìgbà díẹ̀ sí i, olùkọ́ ni àwa náà yóò jẹ́ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn mìíràn nínú wa yóò sì ní ọkọ̀. Nígbà tí a bá rí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní etí títì, ní ibi tí ó mọ́lẹ̀, lẹ́bàá àwọn tí ń tajà, tí ó fi ìwà pẹ̀lẹ́ na ọwọ́, kí a rántí pé kò rọrùn fún un láti dúró níbẹ̀. Kí a dẹ ẹsẹ̀ mọ́tò, kí a wò ó dáadáa. Bí ọkàn wa bá sì balẹ̀ sí i, kí a gbé e.

Ẹ kú ìmúra ilé o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Kí ẹsẹ̀ olúkúlùkù kó ire dé ilé.